Ìkùukùu Lórí Òkè: Yíyí Padà Kì í Ṣe Àìnígbàgbọ́

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí ó tẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ bí ẹní, tí ó fi àwọn òkè kàn án mọ́lẹ̀ bí èèkàn, tí ó sì ń da ìkùukùu káàkiri bó ti wù ú. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ pátápátá.

  Ẹ̀yin ìyá tí ẹ wà nídìí ààrò, tí ẹ ń gbọ́ rédíò bí ìṣínu ti ń sún mọ́lé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọlọ́hun yóò gba ààwẹ̀ wa ní iṣẹ́ rere.

Ìbéèrè kan ló bí ọ̀rọ̀ tòní. Lẹ́yìn àsáláátù ọjọ́ Àìkú tó kọjá, Alhájà kan nínú àwọn ìyá mọ́ṣáláṣí wa dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin wà ní Amẹ́ríkà, ó sì kọ́ bí a ti ń wa bàálù kékeré, irú èyí tí kò gbà ju èèyàn mẹ́rin lọ. Ọ̀rẹ́ ọmọ náà kan ń sọmọ lórúkọ ní ìlú kan tó wà lódìkejì òkè. Ó háyà bàálù, ó gbé èèyàn méjì, wọ́n gbéra. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀bá òkè, ó rí i pé ìkùukùu ti bo ojú ọ̀nà. Ló bá yí bàálù padà síbi tí wọ́n ti gbéra. Wọn kò bá ìsọmọlórúkọ náà mọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan tilẹ̀ bi í pé: "Ṣé mùsùlùmí ni ọ́ báyìí? Bí ikú ò bá tíì tó, ṣé ìkùukùu lè pa ọ́ ni?" Ọ̀rọ̀ yìí dun ìyá náà wọ akínyẹmí ara. Ó wá bi wá pé: "Àáfà, ṣé ọmọ mi ṣẹ̀ sí kádàrá ni?"

A dá a lóhùn ní ṣókí lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, a rí i pé irú ọ̀rọ̀ yẹn kún ẹnu àwa mùsùlùmí púpọ̀, kò sì yẹ kí ìdáhùn rẹ̀ mọ sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ìdí nìyí tí a fi gbé e wá sórí afẹ́fẹ́.

Kí á tó dé ti ẹ̀sìn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ọmọ náà rí lọ́hùn-ún. Ẹni tí kò mọ bí ewu ti rí kò lè dá ẹjọ́ ẹni tó yà fún un. A bi àwọn tó mọ iṣẹ́ náà, a sì gbọ́ ohun tí àwọn olùwádìí sọ.

Bàálù ńlá tó ń gbé àwọn alálàájì wa lọ sí Mẹ́kà máa ń fò ní nǹkan bí 35,000 ẹsẹ̀ bàtà. Kò sí òkè kankan láyé tó ga tó bẹ́ẹ̀. Ti bàálù kékeré yàtọ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò lágbára tó ìyẹn, afẹ́fẹ́ tí èèyàn máa mí kò sì tó nínú rẹ̀ bó bá ga jù. Nítorí náà, ó di dandan kó máa fò súnmọ́ òkè, tàbí kó gba àárín òkè méjì kọjá, bí alùpùpù ti ń wá àlàfo láàárín ọjà.

Òkè àti ìkùukùu, ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Atẹ́gùn tó gbé ọ̀rinrin dání, bó bá kọ lu òkè, á máa gùn ún lọ sókè. Bó ti ń gòkè ló ń tutù, bó ti ń tutù ló ń di ìkùukùu. Ìdí nìyí tí òòrùn fi lè máa ràn ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, tí orí òkè á sì ṣókùnkùn. Atẹ́gùn yẹn kan náà, bó bá ré orí òkè kọjá, á já wálẹ̀ lódìkejì, ó sì lè máa tẹ bàálù kékeré mọ́lẹ̀ ju bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti lè gbé e sókè lọ. Níbi tó bá tutù gan-an, omi á dì sára apá bàálù, á wúwo, apá náà ò sì ní lè gbé e dáadáa mọ́. Àfonífojì pẹ̀lú, òmíràn á fẹ̀ lẹ́nu bí ẹnu àgbá, á sì máa fún bí èèyàn ti ń wọ inú lọ. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ jìnnà kò ní ráyè yí padà, agbára ọkọ̀ rẹ̀ ò sì ní gbé e gun òkè tó kọjú sí i.

Ẹ wá fi ìkùukùu bo gbogbo èyí mọ́lẹ̀.

Nínú ìkùukùu, èèyàn kò rí ilẹ̀, kò rí sánmọ̀. Ọlọ́hun Ọba fi omi díẹ̀ sínú etí wa lọ́hùn-ún. Ó wà lára ohun tó ń sọ fún wa pé a dúró ṣánṣán tàbí a tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lórí ilẹ̀, ojú ń bá a ṣe iṣẹ́ náà pọ̀. Lókè, bí ojú bá ti dí, etí a máa tan èèyàn jẹ. Bàálù á máa yí po, á máa já wálẹ̀, ẹni tó ń wà á á sì rò pé tààrà lòun ń lọ. Àwọn aago tó wà níwájú awakọ̀ nìkan ló ń sọ òótọ́ nígbà náà, ẹni tí kò bá sì kọ́ bí a ti ń fi aago nìkan wa bàálù wà nínú ewu ńlá. Ní ọdún 1954, ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, wọ́n dán awakọ̀ 20 tí kò kọ́ irú rẹ̀ wò. Wọ́n bò wọ́n lójú bí ẹni pé inú ìkùukùu ni wọ́n wà. Gbogbo wọn pátá ni bàálù bọ́ lọ́wọ́ wọn. Bí a bá pín àkókò wọn dọ́gba, ìṣẹ́jú-àáyá 178 ni. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta! Àlùwàlá ẹlòmíràn kò tíì ní parí.

Àwọn ọmọ wa tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n mọ Kobe Bryant. Ní ọjọ́ 26 oṣù kìíní ọdún 2020, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ọmọ ọdún 13 wọ hẹlikópítà ní California. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà, àti awakọ̀, jẹ́ 9. Ibi ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé ni wọ́n ń lọ. Hẹlikópítà kì í ṣe bàálù, àmọ́ ewu kan náà ni. Kùrukùru bo àwọn òkè Calabasas mọ́lẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọlọ́pàá Los Angeles kò jẹ́ kí hẹlikópítà tiwọn gbéra. Awakọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì. Ó sọ fún àwọn tó ń darí ọkọ̀ òfurufú pé òun ń gòkè lọ sí 4,000 ẹsẹ̀ bàtà kí òun lè yọrí lókè ìkùukùu. Ẹ gbọ́ o: ní àsìkò tó ń sọ ọ́ lẹ́nu pé òun ń gòkè, ó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Kò purọ́ fún wọn. Ara rẹ̀ ló purọ́ fún un. Kò sí ẹni tó yè nínú wọn. Àwọn olùwádìí ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé ó fi ojú lásán wakọ̀ wọ inú ìkùukùu, àti pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń ti ara rẹ̀ láti dé ibi tó ń lọ.

Ẹ má rò pé òkè òkun nìkan lèyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2008, bàálù kékeré kan, Beechcraft 1900D, gbéra láti Èkó. Pápákọ̀ òfurufú kékeré tó wà ní Bebi ló ń lọ, lẹ́bàá àwọn òkè Obudu ní ìpínlẹ̀ Cross River. Èèyàn mẹ́ta tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Àwọn òkè yẹn ga ju 1,500 mítà lọ. Pápákọ̀ Bebi sì jẹ́ irú èyí tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ fi ojú rí kó tó balẹ̀. Bàálù náà kò dé. Wọ́n wá a títí, wọn kò rí i. Ó lé ní oṣù márùn-ún kí àwọn ọdẹ tó ṣalábàápàdé àwókù rẹ̀ nínú igbó, lára òkè, ní ìparí oṣù kẹjọ. Nígbà tí ìwádìí parí, wọ́n ní ojú ọjọ́ kò jẹ́ kí wọ́n ríran, wọ́n ṣáà ń bọ̀ wá balẹ̀, wọ́n sì fò wálẹ̀ ju bó ti yẹ lọ láàárín òkè tí wọn kò mọ̀ dáadáa.

Oṣù márùn-ún, ẹ̀yin ará. Ẹ ro ti ìyàwó tó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹ ro ti ìyá tí kò mọ̀ bóyá kí òun ṣọ̀fọ̀ tàbí kí òun máa retí. Nígbà tí àwọn èèyàn bá ń fi ẹnu dídùn sọ pé "wà á lọ, kò sí nǹkan kan", irú ilé báyìí ni wọn kì í rántí.

Gbogbo wa la sì rántí ọ̀gá báńkì ọmọ ilẹ̀ wa, Herbert Wigwe. Ní alẹ́ ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 2024, òun, ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀, àti Abímbọ́lá Ògúnbánjọ, pẹ̀lú awakọ̀ méjì, kú sínú hẹlikópítà ní aṣálẹ̀ Mojave ní California. Òkùnkùn alẹ́ ni, àwọn tó wà ládùúgbò náà sì sọ pé òjò tó dà pọ̀ mọ́ yìnyín ń rọ̀. A kò sọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Kí Ọlọ́hun tu àwọn ẹbí wọn nínú. A sọ ọ́ kí á lè mọ̀ pé owó kì í ra ojú ọjọ́. Ẹni tó lè háyà ọkọ̀ tó dára jù, òjò kan náà ló ń rọ̀ lé e lórí.

Ǹjẹ́ kí ló ń ti èèyàn wọ inú ìkùukùu tó fi ojú ara rẹ̀ rí? Ìkánjú wà níbẹ̀. Ìtìjú wà níbẹ̀, kí wọ́n má baà pè é ní ojo. Ọ̀rọ̀ ẹni tó jókòó lẹ́yìn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ọyẹ́ bá bo pápákọ̀ òfurufú wa, tí wọ́n ní kí bàálù dúró, ṣé ẹ kì í rí bí àwọn alhájì àti àwọn olóyè ṣe ń pariwo mọ́ àwọn òṣìṣẹ́? Ẹni tó ń pariwo yẹn kò mọ̀ pé òun ń ti awakọ̀ sí ohun tí kò tọ́.

Àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí, a ti ṣe é rí. Kò tọ́ kí á fi pamọ́. Ó ti lé lógún ọdún. A ń ti Iléṣà lọ sí Adó-Èkìtì, àdúrà fídáù kan ni a fẹ́ lọ darí. Nígbà tí a dé àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè, kùrukùru bolẹ̀, a kò rí iwájú ọkọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ rọra yà sẹ́bàá títì, ó ní: "Baba, ẹ jẹ́ ká dúró kó ká." Àwa, pẹ̀lú láwàní lórí, a ní: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò gba Ọlọ́hun gbọ́ ni? Ohun tí Ó bá ti kọ ló máa ṣẹ. Máa lọ jàre!" Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Ojú ti ọmọ náà, ló bá ṣíná sí ọkọ̀. A kò lọ jìnnà. Ní kọ́nà kan, àjàgbé kan ti bàjẹ́ sójú títì láìtan iná. Ọmọ náà yà fún un, a wọ kòtò. Àwa kò fi ibì kan ṣèṣe. Ẹsẹ̀ ọmọ náà kán, títí di òní ó ń tiro. Ó máa ń wá kí wa ní ọdún ìtúnu ààwẹ̀, kò sì fi ìgbà kan bá wa wí. Ìyẹn ló ń dùn wá jù. Nígbà tí a dé Adó, wọ́n ti ṣe fídáù tán. Ẹlòmíràn ló darí rẹ̀, Ọlọ́hun sì gbọ́ àdúrà wọn láìsí wa níbẹ̀.

Kádàrá kọ́ ló pàṣẹ fún ọmọ yẹn pé kó ṣíná sí ọkọ̀. Àwa ni. A fi orúkọ kádàrá bo ìkánjú wa mọ́lẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí ẹ̀sìn sọ. Ìyá wa Áíṣà, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, ròyìn pé bí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun bá rí ìkùukùu tàbí ìjì, a máa hàn lójú rẹ̀. Nígbà tí ó béèrè ìdí rẹ̀, Ànábì rán an létí àwọn ìjọ Áádì, tí wọ́n rí ìkùukùu tó ń bọ̀, tí wọ́n ń yọ̀ pé òjò ti dé, ìyà ló sì wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù nínú ẹ̀dá ń wo ojú ọjọ́, ó sì ń kọminú. Ta wá ni wá tí a ó fi máa fi ìkùukùu ṣeré?

Ẹ tún wo ti ìrun, tó jẹ́ òpó ẹ̀sìn. Ó wà nínú hádíìsì pé bí alẹ́ bá tutù, tàbí tí òjò bá ń rọ̀ nígbà tí wọ́n wà lórí ìrìn-àjò, Ànábì a máa pàṣẹ pé kí ládánì pe ìrun, kó sì kéde pé kí oníkálukú kírun níbi tó bá wà. Ìbínú Ábáàsì, ọmọ àbúrò bàbá Ànábì, ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ kan tí òjò rọ̀. Ó jọ àwọn èèyàn lójú, ṣùgbọ́n ó sọ fún wọn pé ẹni tó dára ju òun lọ ti ṣe é. Ẹ ò rí i? Bí Ọlọ́hun bá gbà wá láyè nítorí òjò kí á má lọ sí jámáà ìrun Rẹ̀, ìpàdé wo, ìnáwó wo, ìsọmọlórúkọ wo ló wá tóbi ju ìrun lọ?

Èyí tó dáhùn ìbéèrè Alhájà jù lọ ni ìtàn Ṣáídínà Úmárù, kálífà kejì. Ó kó àwọn èèyàn dání, ó ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù. Nígbà tí wọ́n dé ibì kan tí wọ́n ń pè ní Sárígù, wọ́n gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn ti wọ ilẹ̀ náà. Úmárù kò dá a rò. Ó pe àwọn àgbà jọ, ó fọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, lẹ́yìn náà ó kéde pé òun ń padà sílé. Abú Úbáídà, sàhábà ńlá, bi í pé ṣé kádàrá Ọlọ́hun ló ń sá fún ni. Ẹ gbọ́ èsì àgbà: Úmárù ní ì bá wu òun kó jẹ́ ẹlòmíràn ló sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ń kúrò nínú kádàrá Ọlọ́hun kan bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́hun mìíràn. Ó wá fi ẹran ọ̀sìn ṣàkàwé fún un: bí èèyàn bá kó ràkúnmí wọ àfonífojì tí apá kan rẹ̀ ní koríko tútù, tí apá kejì gbẹ, èyí tó bá wù kó jẹ̀ níbẹ̀, kádàrá Ọlọ́hun náà ni. Nígbà tó yá, Abdurahmánù ọmọ Aofù dé, ó sọ ohun tó gbọ́ lẹ́nu Ànábì pé kí ẹnikẹ́ni má wọ ilẹ̀ tí àrùn náà bá wà. Úmárù yin Ọlọ́hun, ó sì yí padà.

Àfonífojì ni Úmárù fi ṣàkàwé, ẹ̀yin ará! Ọmọ Alhájà dé ẹnu àfonífojì tí ìkùukùu bò, ó yàn láti padà. Ohun tí Úmárù ṣe náà ló ṣe. Ta ni yóò pe Úmárù ní ojo?

Ẹnì kan tún bi Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun léèrè bóyá kí òun so ràkúnmí òun, tàbí kí òun fi sílẹ̀ kí òun sì gbára lé Ọlọ́hun. Ànábì ní kó so ó ná, kó wá gbára lé Ọlọ́hun. Ọlọ́hun pàápàá ti kọ̀ fún wa nínú Súrà Bákárà pé kí á má fi ọwọ́ ara wa ti ara wa sínú ìparun. Nínú Súrà yẹn kan náà ni Ó ti gba arìnrìn-àjò láyè kó má gba ààwẹ̀, kó san án padà ní ọjọ́ mìíràn, nítorí ìrọ̀rùn ni Ó fẹ́ fún wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbààwẹ̀ tí ẹ ń gbọ́ wa yìí, ṣé ẹ ò rí i pé ààwẹ̀ fúnra rẹ̀ ń kọ́ wa pé èèyàn lè sún ohun ńlá síwájú láìjẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀?

Nítorí náà, ohun díẹ̀ nìyí tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀, yálà ti òfurufú tàbí ti ilẹ̀, ẹ pinnu kí ẹ tó gbéra ibi tí ẹ ó ti yí padà bí ojú ọjọ́ bá yí. Ọjọ́ tí ọkàn balẹ̀ ni kí ẹ ti dá a sọ, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá wọ inú rẹ̀ tán. Àwọn tó mọ iṣẹ́ bàálù sọ pé ìta ìkùukùu ni a ti ń yí padà. Ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ ti pẹ́ jù.

Ẹ̀yin olówó tí ẹ ń háyà ọkọ̀, bí awakọ̀ bá ní òun kò lọ, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má fi owó tì í, ẹ má fi ipò tì í. Bó bá ti wá jẹ́ àáfà ni yín, ẹ má fi láwàní tì í.

Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ń retí àlejò, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu yín kó tó kúrò nílé pé: "Bí kò bá rọgbọ, padà. A ò ní bínú." Gbólóhùn kékeré yìí lè gba ẹ̀mí là. Bó bá sì padà lóòótọ́, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ pa adìyẹ fún un, kí ẹ bá a dúpẹ́.

Alhájà, bí ẹ bá ń gbọ́ wa, ẹ sọ fún ọmọ yín pé àáfà kí i. Kò ṣẹ̀ sí kádàrá. Èèyàn méjì tó gbé sókè, ó gbé wọn sọ̀ fún ìyá wọn láàyè. Orúkọ ti mọ́ ọmọ yẹn lára láìsí i níbẹ̀. Àárọ̀ tó mọ́ lẹ́yìn rẹ̀, tí ó jí, tí ó kírun, kádàrá Ọlọ́hun nìyẹn pẹ̀lú.

Ìwọ Ọlọ́hun tí Ó ń gbé ẹyẹ dúró lófurufú, tí kò sí ẹlòmíràn tó ń gbé wọn dúró, má ṣe jẹ́ kí ìkánjú wa pa wá. Fún àwọn ọmọ wa tó wà lórí ilẹ̀, lórí omi àti lófurufú ní ojú tó ń ríran àti ọkàn tó lè yí padà. Dárí jì wá níbi tí a ti fi orúkọ Rẹ ti ẹlòmíràn sínú ewu. Wo ẹsẹ̀ ọmọ yẹn sàn. Ṣàánú gbogbo àwọn tó ti bá ìrìn-àjò lọ, kí O sì tu àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú. Jẹ́ kí á rí òpin ààwẹ̀ yìí nínú àlàáfíà, kí á sì rí ti ẹ̀ẹ̀míì. Àmín, àmín, yáà Rábí.